Ọbẹ̀ Tó Dùn Tó sì Kan: Láti Ìtálì Dé Ìsàlẹ̀ Òsì

Ọbẹ̀ kan tí àwọn ará Ìtálì ń pè ní agrodolce ni ètò ìdáná ti ọ̀sẹ̀ yìí gbé wá. Ọtí kíkan ni wọ́n fi ń sè é, pẹ̀lú ṣúgà tàbí oyin, títí kíkan àti dídùn yóò fi wọnú ara wọn, tí ahọ́n kò ní mọ èyí tó kọ́kọ́ bá a. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ẹni tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Òsì n'Ìbàdàn kò lè rí rà ní Ọjà'ba kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọ́n ṣe ń sè é, bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀, àti oúnjẹ ilé wa tó bá a mu ni ọ̀rọ̀ yóò dá lé.

Ìdènà àkọ́kọ́ kò sí lọ́jà, ọkàn olùsè ló wà. Ní gbogbo àdúgbò Ìbàdàn àtijọ́, láti Bẹẹrẹ dé Bẹ́yẹrúnkà, ẹni tó bá ní ọbẹ̀ ti kan ti dájọ́ ikú fún ọbẹ̀ náà. Ìyá tó se ọbẹ̀ lálẹ́ àná, tí iná mọ̀nàmọ́ná kò sì jẹ́ kó rí fíríìjì lò, á ṣí ìdérí ìkòkò láàárọ̀, á fi imú gbọ́ ọ. Bó bá ti rí ìfófòó lójú ọbẹ̀, ó ti mọ̀ pé owó òun ṣòfò. Àwọn tó mọ ọbẹ̀ ata í sè kò sì fi kíkan tòmátò ṣeré rárá. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ata lílọ̀ kaná, wọ́n á jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa, kí wọ́n tó fi òróró dín in, kí kíkan náà lè rọlẹ̀. Bí a bá wá sọ fún irú olùsè bẹ́ẹ̀ pé kó mọ̀ọ́mọ̀ da ọtí kíkan sínú ìkòkò, àyà rẹ̀ á já. Ìbẹ̀rù yìí mọ́gbọ́n dání, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ inú rírun.

Àmọ́ kíkan pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni èyí tí àwọn kòkòrò àìfojúrí dá sílẹ̀ nínú ọbẹ̀ tó sùn síta. Wọ́n á jẹ èròjà inú ọbẹ̀, wọ́n á tu ásíìdì sílẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn a sì máa tu májèlé tí iná kò lè pa mọ́, bó ti wù kí wọ́n gbé ọbẹ̀ náà kaná tó. Èkejì ni kíkan tí olùsè fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, láti inú ohun mímọ́ tí wọ́n ti mọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Ọtí kíkan inú ìgò sábà máa ń ní ásíìdì tó tó nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, oje ọsàn wẹ́wẹ́ náà kò sì jìnnà sí i. Ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń ba oúnjẹ jẹ́ ni kò lè gbilẹ̀ níbi tí ásíìdì bá ti pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn kárí ayé fi ń fi ọtí kíkan tọ́jú ẹ̀fọ́ àti ẹja láyé ìgbà tí kò tíì sí fíríìjì.

Ẹnu tó ń sá fún ọbẹ̀ kíkan yìí kan náà ló sì fẹ́ràn kíkan bí dídùn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí a wo gààrí Ìjẹ̀bú. Wọ́n á rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé ohun tó wúwo lé e fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan dáadáa, kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, kí wọ́n tó yan án. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, ọmọ iléèwé á bu omi tútù sí i, á da ṣúgà sí i, á sì fọ́n ẹ̀pà lé e lórí. Kíkan, dídùn àti ẹ̀pà tó ń dún lẹ́nu ti pàdé nínú abọ́ kan ṣoṣo. Bí ẹni tó ń mu gààrí yìí bá tọ́ agrodolce wò, kò ní ṣòro fún un láti mọ̀ pé òun ti jẹ ẹbí rẹ̀ rí.

Ògì tó kan, tí a fi ṣúgà mu, wà nínú ẹbí náà. Sóbò tí wọ́n ń fi òdòdó ìṣápá pupa ṣe wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni awin tí àwọn ọmọdé ń lá, àti àgbálùmọ̀ tó máa ń kún ọjà láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹrin. Kódà, kíkan wọ inú ọbẹ̀ Yorùbá gan-an. Ìṣápá funfun tí wọ́n ń sè pẹ̀lú ẹ̀gúsí ní Èkìtì, ní Oǹdó àti ní apá Kwara, ọbẹ̀ kíkan ni. Olùsè á kọ́kọ́ bọ ìṣápá náà pẹ̀lú kán-ún díẹ̀, á da omi rẹ̀ nù, títí ìwọ̀n kíkan tó kù yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó mọ̀ pé òun kò fẹ́ kó kan jù, kò sì fẹ́ kó má kan rárá.

Ti oúnjẹ àjèjì tó dọmọ ilé kì í sì í ṣe tuntun. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ wa tó ti Brazil padà sí Èkó, ló mú frejon wá, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tó ń dùn lẹ́nu, tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ ẹja tó ta jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere. Ata àti tòmátò fúnra wọn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran wọn ti ṣẹ̀ wá, àwọn oníṣòwò ojú òkun ló kó wọn dé etíkun wa. Lónìí, ta ni yóò gbà pé ọbẹ̀ Ìbàdàn lè wà láìsí ata?

Ìrìn àjò agrodolce náà jìn. Ní Róòmù àtijọ́, oyin ni wọ́n fi ń bá ọtí kíkan rìn, nítorí ṣúgà kò tíì di ohun ìdáná lọ́dọ̀ wọn. Àkójọ ọ̀nà ìsebẹ̀ tí wọ́n ń fi orúkọ Apicius pè kún fún irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 827, àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí láti Àríwá Áfíríkà gúnlẹ̀ sí erékùṣù Sicily. Lábẹ́ ìjọba wọn ni oko ìrèké àti ọgbà ọsàn ti gbilẹ̀ níbẹ̀, tí ṣúgà sì wọ ilé ìdáná. Títí dòní, àwọn ará Sicily ń se caponata. Wọ́n á gé ikàn ńlá, wọ́n á dín in, wọ́n á pò ó mọ́ àlùbọ́sà àti tòmátò, kí wọ́n tó fi ọtí kíkan àti ṣúgà parí rẹ̀.

Ní Venice, ìlú orí omi tó wà lápá àríwá Ìtálì, ẹja ni tiwọn. Wọ́n ń pè é ní sarde in saor. Wọ́n á dín ẹja wẹ́wẹ́ tó jọ ṣáwá, wọ́n á tò ó sínú abọ́, wọ́n á da àlùbọ́sà tí wọ́n fi ọtí kíkan sè lé e lórí, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn awakọ̀ ojú omi ni ọ̀nà yìí wúlò fún jù, torí pé ẹja wọn kò tètè bàjẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi èso àjàrà gbígbẹ kún un. Ní Sunday kẹta oṣù Keje ọdọọdún, nígbà tí ìlú náà ń ṣe àjọ̀dún Redentore láti fi rántí òpin àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1575 sí 1577, oúnjẹ yìí kì í wọ́n lórí tábìlì wọn. Àwọn ará Tuscany ní tiwọn fẹ́ràn láti fi ọbẹ̀ dídùn òun kíkan se ẹran ìgbẹ́. Pellegrino Artusi kọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sè é fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó àti ehoro sínú ìwé ìdáná rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1891, ṣokoléètì díẹ̀ sì wà lára èròjà rẹ̀.

Kí olùsè tó dáná, ọ̀rọ̀ kan wà tó gbọ́dọ̀ yé e yékéyéké. Ṣúgà kì í pa kíkan. Kán-ún tí a fi bọ ìṣápá máa ń bá ásíìdì jà, ó sì máa ń dín in kù ní tòótọ́. Ṣúgà kò ṣe bẹ́ẹ̀, ahọ́n nìkan ló ń tàn. Gbogbo ásíìdì inú ìkòkò ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, àmọ́ dídùn kò jẹ́ kí ahọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ mọ́, kíkan náà kò sì jẹ́ kí dídùn súni. Ibẹ̀ ni adùn agrodolce ti ń wá. Ibẹ̀ náà ni ìkìlọ̀ wà: ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ bá kan mọ́jú, tó wá da ṣúgà sí i kí ará ilé má baà mọ̀, kò tún ọbẹ̀ náà ṣe. Májèlé tó bá wà nínú rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Kó dà á nù.

Ìkòkò tún ṣe pàtàkì. Ìkòkò tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi àfọ́kù páànù àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ rọ pọ̀ lọ́jà wa, kò sì wọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ láti Kamẹrúùnù wò, tí ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2014, wọ́n rí i pé bí ohun kíkan bá ń hó nínú wọn, òjé a máa jáde láti ara ìkòkò wọ inú oúnjẹ. Òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, ìkòkò irin tí kì í dípẹtà ni kí olùsè lò, tàbí ti tánganran tí ara rẹ̀ kò tíì bó. Ìṣaasùn amọ̀ tí àwọn ìyá wa àgbà fi ń sebẹ̀ dára gan-an, nítorí kì í tètè gbóná kì í sì í tètè tutù, ohun tí àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ yìí sì fẹ́ nìyẹn. Ṣíbí onígi ni kí wọ́n fi rò ó.

Ó kù kí a rajà. Láti Ìsàlẹ̀ Òsì sí Ọjà'ba kò jìnnà, gbogbo ohun tí a nílò sì wà láàárín Mọ́ṣáláṣí Àgbà àti ẹsẹ̀ òkè tí Gbọ̀ngán Màpó dúró lé lórí láti ọdún 1929. Àlùbọ́sà ni ká kọ́kọ́ rà. Ilẹ̀ Hausa, pàápàá ìpínlẹ̀ Sokoto àti Kebbi, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bọ̀. Kí ìyá alálùbọ́sà jẹ́ kí oníbàárà ṣà á: èyí tó le, tó wúwo lọ́wọ́, tí ọrùn rẹ̀ gbẹ, tí kò sì tíì hù. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà ọbẹ̀ àti mílíìkì alágolo la ti ń rí ọtí kíkan. Ìgò tó bá mọ́ gaara tàbí tó ní àwọ̀ ápù, èyíkéyìí nínú méjèèjì dára. Oyin ń wá láti Òkè Ògùn, ṣúgà sì wà níbi gbogbo.

Àwọn ará Ìtálì ń fi àjàrà gbígbẹ sí i pẹ̀lú hóró èso igi páìnì. Ìbàdàn ní ohun tó lè gba ipò méjèèjì láìsí àbùkù. Dàbínù tí àwọn ọmọ Hausa ń kiri, tó máa ń pọ̀ jọjọ nígbà ààwẹ̀ Ramadan, dùn ju àjàrà gbígbẹ lọ. Ẹ̀pà yíyan tàbí kaṣú yóò sì ṣe iṣẹ́ hóró páìnì.

Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè bóyá ọtí kíkan bá ẹ̀sìn mu, nítorí ọ̀rọ̀ ọtí tó wà nínú orúkọ rẹ̀. Ọtí kíkan kì í pa èèyàn. Hàdíísì sì wà nínú àkójọ Imam Muslim níbi tí Ànábì ti yìn ín gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ń jẹun. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀ lè lo oje ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí ajagbọn tí wọ́n ń tà ní Sábó, àdúgbò Hausa tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní ọdún 1916. Kó rẹ ajagbọn sínú omi gbígbóná, kó fọwọ́ pò ó, kó sẹ́ ẹ, omi tó jáde yóò kan, yóò sì tún ní adùn díẹ̀ tirẹ̀.

Kí ẹni tó ní bírò lọ́wọ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Fún èèyàn 6, olùsè nílò àlùbọ́sà ńlá 4, òróró ṣíbí ìjẹun 5, ọtí kíkan ṣíbí ìjẹun 8, ṣúgà tàbí oyin ṣíbí ìjẹun 3, dàbínù 6, ẹ̀pà yíyan ẹ̀kúnwọ́ kan, ata gbígbẹ lílọ̀ díẹ̀, àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì. Bó bá jẹ́ oyin ló fẹ́ lò, kó má gbé e sórí iná pẹ́. Bó bá jẹ́ oje ọsàn wẹ́wẹ́ ló fẹ́ fi rọ́pò ọtí kíkan, kó lo ṣíbí 5 pẹ̀lú omi ṣíbí 3, kó sì dúró di ìgbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ jinná kó tó da oje náà sí i, nítorí híhó púpọ̀ máa ń mú kó korò.

Àlùbọ́sà ni gbogbo agbára ọbẹ̀ yìí. Kí olùsè bó o, kó là á sí méjì, kó rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Kó gbé òróró kaná, kí iná má pọ̀. Bó bá ti gbóná díẹ̀, kó da àlùbọ́sà sí i, kó wọ́n iyọ̀ lé e, kó dé e. Iyọ̀ yóò fa omi ara àlùbọ́sà jáde, omi yẹn ni yóò sì sè é. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, kó ṣí i, kó máa rò ó díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí i. Ibí yìí ló ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí pé iná ńlá ni wọ́n mọ̀. Àlùbọ́sà tí iná bá gbà ní kíákíá yóò jó létí, inú rẹ̀ yóò sì wà ní tútù. Èyí tí iná bá rọra mú yóò rọ̀, títa rẹ̀ yóò lọ, ṣúgà ara rẹ̀ yóò jáde, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì di ti oyin.

Lẹ́yìn náà, kó da ṣúgà sí i, kó rò ó títí ṣúgà yóò fi yọ́ tán. Ìgbà yìí ni ọtí kíkan wọlé. Kí olùsè kọ́kọ́ ṣí fèrèsé, kó sì fa ojú sẹ́yìn, nítorí òórùn tó máa kọ́kọ́ jáde lè ta lójú, ó sì lè mú èèyàn wúkọ́. Kí àwọn ọmọdé má sún mọ́ ìdí ààrò lásìkò yìí. Láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, òórùn náà á rọlẹ̀. Kó da dàbínù tó ti gé wẹ́wẹ́, tó sì ti yọ kóró rẹ̀ sí i, pẹ̀lú ata gbígbẹ. Kó jẹ́ kó hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 8 sí 10. Bó bá ti ṣíbí bọ̀ ọ́, tí omi ọbẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí dípò kó ṣàn dànù, ó ti jinná. Bí oyin ló fẹ́ lò ní ipò ṣúgà, ìgbà yìí ni kó da oyin náà sí i, kó rò ó pọ̀, kó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀pà kì í bá a wọ orí iná, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni wọ́n ń fọ́n ọn sí i, kó má baà rọ̀.

Kí olùsè má tọ́ ọ wò nígbà tó ń hó. Ìgbóná kì í jẹ́ kí ahọ́n mọ bí adùn ṣe tó. Kó bu díẹ̀ sínú àwo, kó jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́, kó tó fi kan ẹnu. Bí kíkan bá pọ̀, kó fi ṣúgà ìlàjì ṣíbí tíì kún un, kó tún tọ́ ọ wò. Bí dídùn bá pọ̀, oje ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ yóò tún un ṣe. Bí méjèèjì bá wà tí ọbẹ̀ sì dà bí ẹni pé ó ṣófo lẹ́nu, iyọ̀ ni kò tó.

Bí a bá fẹ́ ṣe ti Venice, ẹja ṣáwá ni kí a rà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja. Kòtè wẹ́wẹ́ náà yóò ṣe é. Kí olùsè yọ ìfun àti ìpẹ́, kó fọ̀ ọ́ mọ́, kó nu omi ara rẹ̀, kó fi iyọ̀ pa á lára, kó yí i nínú ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó sì dín in títí ara rẹ̀ yóò fi le. Nínú abọ́ pẹrẹsẹ, kó to ẹja ní ìpele kan, kó da díẹ̀ nínú ọbẹ̀ àlùbọ́sà lé e, kó tún to ẹja, kó tún da ọbẹ̀ lé e, títí yóò fi tán. Bó bá ti tutù, kó dé e, kó gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Ní òru yẹn, ọbẹ̀ á wọ ẹja lára dé egungun.

Kí ni a óò fi jẹ ẹ́? Àwọn ará Venice ń fi polenta jẹ tiwọn, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n rò títí tó fi le. Ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ wa ni ẹ̀kọ tútù tí wọ́n fi ewé pọ́n. Ẹ̀kọ náà ní kíkan díẹ̀ tirẹ̀, ó sì tutù bí ẹja náà ṣe tutù. Kí ẹni tó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ tú ẹ̀kọ sínú àwo, kó gbé ẹja méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó bu ọbẹ̀ lé e, kó fọ́n ẹ̀pà sí i. Kó gbé ẹja náà jáde nínú fíríìjì ní nǹkan bí ìlàjì wákàtí kí wọ́n tó jẹun, nítorí bó bá tutù jù, adùn rẹ̀ kì í jáde.

Dùndún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú epo gbígbóná bá ọbẹ̀ yìí mu pẹ̀lú. Wàrà dídín tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wàrà kò ní kíkan púpọ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ sì ń fẹ́ ohun tí yóò là á já. Ìrẹsì funfun, iṣu sísè, adìyẹ yíyan àti ẹran ọ̀yà, gbogbo wọn ló gbà á. Dòdò nìkan ló ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ó ti dùn tẹ́lẹ̀, nítorí náà, kí olùsè dín ṣúgà kù sí ṣíbí kan. Ní ti àmàlà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata tó ti ń bá a gbé tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí olùsè rántí pé a kì í bu ọbẹ̀ yìí kún àwo bí ọbẹ̀ ata. Ṣíbí ìjẹun méjì tó fún ẹnìkan. Bí àlejò bá wà, kí wọ́n gbé e sínú abọ́ kékeré sáàárín, kí kálukú bu ìwọ̀n tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn àgbà ilé tí wọn kò jẹ ẹ́ rí ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi díẹ̀ síwájú wọn, kí wọ́n sì sọ fún wọn pé kíkan inú rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ṣúgà inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré, oyin àti dàbínù náà sì ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tí ọgbẹ́ inú ń yọ lẹ́nu kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ ní inú òfìfo. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ jẹ oyin rárá, bó ti wù kó kéré mọ.

Ọbẹ̀ àlùbọ́sà nìkan, tí ẹja kò sí nínú rẹ̀, lè pé ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríìjì bí wọ́n bá fi ìgò mímọ́ tọ́jú rẹ̀. Èyí tí ẹja bá wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Níbi tí iná bá ti ń ṣe ségesège, kí wọ́n se èyí tí wọ́n máa jẹ tán, kí wọ́n má gbọ́kàn lé ọtí kíkan pé ó máa gbà á là nínú ooru wa.

Àǹfààní kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Ní ọdún 2016, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátò run ní Kaduna àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lókè ọya, débi pé ìjọba Kaduna kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí tòmátò. Kò sí agbègbè tí owó apẹ̀rẹ̀ tòmátò kò ti le nígbà náà, ó sì ti ń le lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ìgbà yẹn wá. Tòmátò kò sí nínú agrodolce tí a ṣàlàyé yìí. Lásìkò tí owó ọbẹ̀ ata bá ń le, àlùbọ́sà mẹ́rin pẹ̀lú ọtí kíkan lè gbé oúnjẹ alẹ́ kan ró.

Bí àgbálùmọ̀ bá sì dé ní oṣù Kejìlá, ó lè gba ipò ìlàjì ọtí kíkan. Èyí tó pọ́n dáadáa ni kí olùsè là, kó yọ kóró rẹ̀, kó fi ẹ̀yìn ṣíbí ha ẹran ara inú rẹ̀, kó sì fi èèpo sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni oje tó ń lẹ̀ mọ́ eyín pọ̀ sí. Àgbálùmọ̀ 5, ọtí kíkan ṣíbí 4, kó gbé e hó pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà bí a ti ṣàlàyé. Kó tọ́ ọ wò kó tó fi ṣúgà kankan sí i, nítorí àgbálùmọ̀ igi kan lè dùn gan-an, kí ti igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì kan débi pé ṣíbí mẹ́ta ṣúgà kò ní tó o.